Ìyá Ẹlẹ́rọ àti Ihò Gbọọrọ Mẹ́rin

Èmi ni mo lọ fẹjọ́ Ìyá Qonitah sun Alhaja. Mi ò ní purọ́ fún yín. Èmi Matilda tí mò ń lẹ irun ìpéǹpéjú fún àwọn obìnrin ní Igando, èmi gan-an ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sílé onílé wa, Alhaja Àyìnkẹ́, tí mo ní kí wọ́n wá wo ògiri ṣọ́ọ̀bù wọn nítorí ó ti ń là. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi ná.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Ìyá Qonitah. Ẹlẹ́rọ ata ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń lọ ata fún àdúgbò wa, àti ẹ̀wà, àti ẹ̀gúsí, àti àgbàdo ògì. Bó bá ti fa okùn ẹ̀rọ yẹn báyìí, gbogbo ògiri a máa gbọ̀n rìrì. Dígí mi a máa jó lórí ìṣó. Ìgò gọ́ọ̀mù mi a máa rìn lórí tábìlì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé etí, a sì já bọ́. Ẹ sì wo irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe: irun tín-ín-rín, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ etí ojú ọmọlọ́mọ. Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi gbọ̀n, mo lẹ ìpéǹpéjú ìyàwó tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀. Ọmọ náà ní kí n fún òun ní dígí kóun wo ojú. Mo ní dígí ti fọ́.

Ẹgbẹ́ kan náà ni èmi àti Ìyá Qonitah, àwa méjèèjì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ìdíátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Èmi, Oǹdó ni wọ́n ti bí mi. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í pariwo, ẹ̀rín ló máa ń fi dáhùn ọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló sì máa ń bí mi nínú torí kò ṣe é bá jà dáadáa. Nígbà tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn tán, mo lọ sọ fún un fúnra mi. Mo ní èmi ni o, kó má lọ fura sí ẹlòmíì. Ó wò mí títí, ó ní kò burú, ó ní ṣé mo ti jẹun.

Alhaja wá lóòótọ́. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, wọ́n wo ibi tó là láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní títí di ọjọ́ tí ààwẹ̀ Ramadan bá máa bẹ̀rẹ̀, bí ẹ̀rọ yẹn kò bá yéé mi ilé wọn, kí Ìyá Qonitah kó o jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni, ohun tó sì dẹ́rù bà mí nìyẹn, torí àgbà tí kì í pariwo, ohun tó bá sọ ló máa ṣe.

Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là. Kò sí onílé tó ń fẹ́ ẹlẹ́rọ ata mọ́. Ìyá Qonitah wá ṣọ́ọ̀bù dé Ikotun, ó dé Egbeda, ó dé Òkè-Odò. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ata ni, wọn a ní ẹnìkan ti gba ibẹ̀ lánàá. Ẹ̀rọ yẹn ló fi tọ́ Qonitah dàgbà tó fi relé ọkọ ní Àgbàdo, òun náà ló fi ń tọ́ Abdulganiyy tó wà ní yunifásítì. Ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Bó bá kúrò níbẹ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Èmi tí mo fẹ́ kí ògiri dákẹ́, mi ò ní kí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Inú mi bàjẹ́ débi pé oúnjẹ kò wọ̀ mí lẹ́nu, èmi tí ẹ ń wò yìí.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí obìnrin yìí ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń mi ògiri. Ẹ̀rọ ata pín sí méjì. Ẹ́ńjìnnì wà lápá kan, ọlọ tó ń lọ ata gan-an wà lápá kejì, bẹ́líìtì rọ́bà ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí bẹ́líìtì bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a máa dẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn díẹ̀ kó lè tún le. Ṣùgbọ́n bóòtù mẹ́rin ló de ẹ́ńjìnnì mọ́ irin tó jókòó lé, ihò róbótó sì ni bóòtù wọ̀. Ihò róbótó kò ní àyè ìsún. Kí làwọn wẹ́dà wa máa ń ṣe? Wọn a gbé iná gáàsì, wọn a jó ihò náà kó lè fẹ̀. Tó bá di oṣù méjì, bẹ́líìtì tún dẹ̀, wọn a tún jó o. Ọdún mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti ń jó o, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rí wúruwùru bí ẹnu tí eyín ti ká, bóòtù kò rí nǹkan dì mú mọ́. Ẹ́ńjìnnì á yà sọ́tùn-ún, bẹ́líìtì á wọ́, àwọn méjèèjì á máa bá ara wọn jà, ìjà wọn á sì dé ara ògiri mi.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ihò gbọọrọ. Orí rẹ̀ méjèèjì á rí róbótó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á gún régé, fífẹ̀ rẹ̀ kò ní ju bóòtù lọ. Bóòtù lè rìn síwájú àti sẹ́yìn nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yà síbì kankan. Ìyá Qonitah ti mọ èyí tipẹ́. Kò sí wẹ́dà tó sọ ọ́ fún tí kò fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló máa jókòó ti irin nínípọn láti fi ọwọ́ gbẹ́ irú ihò yẹn.

Ilé iṣẹ́ kan wá wà lọ́nà Egbeda níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń darí iná tó ń gé irin. Wọn a gé irin bí ẹni gé búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ àlàyé ẹnu, àwòrán orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bá èèyàn yà á. Ìyá Qonitah kó ẹyọ ìgbálẹ̀ lọ bá a, torí ìgbálẹ̀ ló máa ń fi wọn nǹkan: á gbé ẹyọ kan lé nǹkan, á ṣẹ́ ẹ ní ìwọ̀n rẹ̀, á tì í bọ inú gèlè. Ó ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Ọmọ náà ní òun ti gbọ́, Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀. Nígbà tí irin dé, ihò gbọọrọ mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n dán, wọ́n rẹwà, ìbú sì ni gbogbo wọn dojú kọ. Bẹ́líìtì ń fa òòró, ihò ń wo ìbú. Èmi àti òun gbé e padà. Ọmọ náà ní ìkan náà ni, ó ní kí á yí ẹ́ńjìnnì padà. Mo fẹ́ fọ́ ọ létí. Ìyá Qonitah dì mí mú, ó kí i pé ó ṣeun, a máa lọ.

Nígbà tí a dé ìsọ̀, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ohun tí ọmọ yẹn ń ṣe.

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo ní ìwọ tí o ka ìwé mẹ́fà, ìwọ tí fóònù rẹ kò ju èyí tí wọ́n fi ń pe èèyàn lásán lọ. Ó ní ìwé mẹ́fà tí òun kà, ó mọ ìhà tí bẹ́líìtì ń fà sí ju yunifásítì ọmọ yẹn lọ. Ó ní gẹ̀ẹ́sì tó bá wà nínú rẹ̀, èmi ni màá kà á fún òun.

"Ìwọ lo fẹjọ́ mi sùn, Matilda," ó ní. "Ìwọ lo máa bá mi lọ."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Tíṣà Ebenezer ló ń kọ́ni, ní pálọ̀ ilé wọn ní àdúgbò Command. Èkìtì ni wọ́n ti wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní iṣẹ́ ìyàwòrán ẹ̀rọ, pẹ̀lú pákó àti rúlà gígùn. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà alágbèéká márùn-ún ránṣẹ́, baba jókòó, wọ́n kọ́ ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní CAD fúnra wọn. Ọ̀sán Ọjọ́rú àti ọ̀sán Sátidé ni kíláàsì. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dé, wọ́n fún wa ní ìjókòó, wọ́n ní ọmọ wa dà. A ní àwa ni ọmọ náà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú, a ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ìyá Qonitah ti fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó kúrò ní Igando, ṣùgbọ́n ata ọdún mọ́kàndínlógún kọjá ohun tí ọṣẹ lè ṣe. Ó di máòsì kọ̀ǹpútà mú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà. Ó wá kàn mí. Mo di í mú, ojú yún mi, mo fọwọ́ nù ún. Yé è, mo rí ọ̀run. Tíṣà sáré wá, wọ́n gba máòsì lọ́wọ́ mi kí wọ́n lè bá mi ṣe èyí tí mo dá dúró, àwọn náà fọwọ́ kan ojú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwatómisìn, tó jókòó tì wá, ní kí òun wò ó bóyá máòsì ló bàjẹ́. Nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú márùn-ún, èèyàn mẹ́ta ló ń sunkún ní kíláàsì, tí Tíṣà ń wá omi kiri ilé ara wọn bí àlejò. Ìyá Qonitah nìkan ni ojú rẹ̀ gbẹ. Ó wò wá yíká, ó ní ṣé ẹ̀kọ́ náà le tó báyìí ni.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rá ló máa ń fi wé ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan Tíṣà.

Ẹ̀kọ́ náà ò rọrùn, mi ò ní tàn yín. Ọwọ́ rẹ̀ le, máòsì á sá lọ sí igun kejì. Ó lè fi odindi ọ̀sán kan fa ìlà kan, ìlà náà á sì wọ́. Ṣùgbọ́n kì í bínú. Èmi ni mò ń bínú fún àwa méjèèjì. Bí mo bá ti ń pòṣé, á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, á pa á rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọmọ tó ń múra yunifásítì ti ń wá wo kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó bá ti yàwòrán tán. Mummy Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀sẹ̀ kejì yẹn náà ni Tíṣà kọ́ wa ní ihò gbọọrọ. Wọn ò jẹ́ kí a kọ́kọ́ lo bọ́tìnnì tó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n fọwọ́ yà kò ní mọ ibi tó ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ fa ìlà kan tí kò ní hàn nínú iṣẹ́, ọ̀nà lásán ni. Ẹ ya róbótó kan sí orí ìlà náà, ẹ ya ìkejì sí ìdí rẹ̀, kí fífẹ̀ wọn bára mu. Ẹ wá fa ìlà méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan róbótó méjèèjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ gé inú róbótó tó kù láàárín dànù. Ihò gbọọrọ dé nìyẹn. Tíṣà yà á sórí àwòrán irin onígun mẹ́rin kan tó ṣófo lójú pátákó, wọ́n yí sí wa, wọ́n ní ṣé ó yé wa. Gbogbo ọmọ kíláàsì ní ó yé wọn.

Ìyá Qonitah na ọwọ́ ọlọ́ràá rẹ̀ sókè.

"Tíṣà, ẹ má bínú," ó ní. "Níbo ni bẹ́líìtì wà?"

Tíṣà ní bẹ́líìtì wo. Ó ní bẹ́líìtì tó ń fa bóòtù tó máa wọ inú ihò yẹn. Ó ní èèyàn kì í déédéé lu ihò gbọọrọ. Ibi tí nǹkan bá ń fà sí ni ihò ń dojú kọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ihò tí wọ́n yà yìí dojú kọ òfìfo. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì kó dákẹ́. Baba dúró, wọ́n wo pátákó, wọ́n wò ó. Wọ́n wá jókòó. Wọ́n ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ihò yìí, wọ́n máàkì rẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní òdo, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní kí Ìyá Qonitah dìde wá síwájú. Ó fi ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ di ṣọ́ọ̀kì mú, ó ya ẹ́ńjìnnì, ó ya ọlọ, ó ya bẹ́líìtì láàárín wọn, ó sọ fún àwọn ọmọ yẹn bí bóòtù ṣe ń rìn. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, ìyẹn kì í sì í ṣe ti ata. Tíṣà kì í kọ́ni ní ihò gbọọrọ mọ́ láì ya bẹ́líìtì tì í.

Nígbà tí ó fi máa pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí Alhaja ti sọ̀rọ̀, ó ti ya irin ìjókòó ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tán, ihò mẹ́rin, gbogbo wọn dojú kọ ọlọ. Èmi ni mo ka gẹ̀ẹ́sì orí bọ́tìnnì, òun ló ń sọ nọ́ńbà, ẹyọ ìgbálẹ̀ ló ń fi lé rúlà Tíṣà kó tó sọ ọ́. Fífẹ̀ ihò, mìlímítà méjìlá, ìwọ̀n bóòtù. Gígùn rẹ̀, méjìléláàádọ́ta. A gbé àwòrán lọ sí Egbeda, wọ́n gé irin, a gbé e wálé, wẹ́dà jó o mọ́ ìsàlẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ. Ògiri mi dákẹ́. Mo jáde síta, mo jó. Àwọn oníbàárà rò pé orí mi ti dàrú.

Ayọ̀ yẹn kò ju ọjọ́ méjì lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, dígí mi tún bẹ̀rẹ̀ ijó. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti pa ẹ̀rọ, ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ tó ń wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ihò méjì ti ya. Wọ́n gùn ju ohun tó rò lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí irin. Irin tó kù níwájú wọn kò ju mìlímítà méjì lọ, ó tín-ín-rín bí ọ̀bẹ, kò lè gba ìyà ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ààwẹ̀ kù. Mo bú kọ̀ǹpútà, mo bú ẹni tó ṣe é, mo bú iná ilé iṣẹ́ Egbeda, mo fẹ́ bú Tíṣà, ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Ìyá Qonitah fi àkísà nu ọwọ́. Ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bóyá Alhaja ló jàre, bóyá kóun máa di ẹrù.

Mo ní ó di ẹrù wo. Mo ní ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ó ṣìnà. Wẹ́dà bá wa gé irin tó ya kúrò nísàlẹ̀, mo gbé e sínú àpò, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, mo wọ́ Ìyá Qonitah lọ́wọ́, ó di Command. Ọjọ́rú ni.

Tíṣà gbé irin náà sórí tábìlì, wọ́n gbé rúlà lé ihò rẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Wọ́n ṣí àwòrán: méjìléláàádọ́ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n bi í ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n ihò náà. Ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ hàn wọ́n, láti ètè ihò lápá ìhín dé ètè rẹ̀ lápá ọ̀hún, bí gbogbo ẹlẹ́rọ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Tíṣà ní wàhálà dé nìyẹn. Wọ́n ní bọ́tìnnì tí a lò, láti àárín róbótó kìíní dé àárín róbótó kejì ló máa ń ka gígùn, ó wá fi ìdajì róbótó kún un ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni, àwọn ò sọ fún wa.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èébú mi, mo rí i pé Ìyá Qonitah ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ padà dé.

"Ibi tí bóòtù dúró ni kọ̀ǹpútà ń wọ̀n," ó ní. "Èmi tí mò ń lo bóòtù, ẹnu ihò ni mò ń wọ̀n. Òun ló mọ iṣẹ́ jù mí lọ."

Mo ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, kó yọ fífẹ̀ bóòtù kan kúrò nínú gígùn rẹ̀ kí á máa lọ. Ogójì ló kọ síbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún kúrò létí irin lójú wa, wọ́n jókòó sí àyè wọn. Tíṣà pàtẹ́wọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n gé irin tuntun. Ní Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n jó o mọ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kó bóòtù sínú ihò. Ó sún ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó gún régé, kò yà. Ó fi sípánà dì í.

Sátidé ni Alhaja dé, ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀. Ẹ mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe máa ń rí: gbogbo Igando ló fẹ́ lọ ata sàárì. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù tèmi. Ọjọ́ orí wọn ti tó méjìdínlọ́gọ́rin, etí wọn ti wúwo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n ń gbé lé ògiri. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń dun àwọn, wọ́n jókòó sórí àga oníbàárà mi tó fara ti ògiri, wọ́n gbé ẹ̀yìn tì í. Wọ́n ní kí Ìyá Qonitah tan ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn fẹ́ fi ara àwọn mọ̀ ọ́n.

Mo gba ojú fèrèsé sọ fún un. Mo gbọ́ tó fa okùn, mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì dáhùn. Mo ní oníbàárà kan lórí àga kejì, mo mú irun kan, mo lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi dúró gbagidi. Mo lẹ ìkejì. Ìgò gọ́ọ̀mù mi kò rìn. Nígbà tí mo yíjú wo Alhaja, ojú wọn ti pa dé. Mo rò pé wọ́n ń gbàdúrà. Ìgbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń hanrun ni mo mọ̀.

Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ta ló máa jí onílé? Mo yọ́ lọ sọ fún Ìyá Qonitah. Ó ní bí òun bá dúró, wọ́n á jí, èrò sì pọ̀ nílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Oníbàárà mi dìde, ó sanwó fún mi láì sọ̀rọ̀, ó fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn jáde. Ní ìta, ìlà àwọn tó gbé ata wá gùn dé ẹnu ọ̀nà oníbúrẹ́dì. Ìyá Qonitah kò dáwọ́ dúró. Ó tó wákàtí kan.

Nígbà tí Alhaja jí, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n wò mí bíi pé èmi ni mo sùn. Wọ́n dìde, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́rọ, ojú wọn le díẹ̀.

"Ìyá Qonitah," wọ́n ní, "mo ti jókòó tì ọ́ látàárọ̀. Nígbà wo lo fẹ́ tan ẹ̀rọ náà kí n lè máa lọ sílé?"

Ìyá Qonitah kúnlẹ̀ pẹ̀lú ata lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ìlà ló na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Alhaja wo ọlọ tó ń yí, wọ́n wo ike ata lílọ̀ tó kún ilẹ̀, wọ́n wo bẹ́líìtì tó ń sáré gbọọrọ-gbọọrọ. Wọ́n padà sínú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ògiri, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí Ìyá Qonitah dìde nílẹ̀, ata ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn náà ní ata láti lọ fún sàárì, àwọn á fi ránṣẹ́, kó má jẹ́ kí èrò pọ̀ jù kó tó kàn wọ́n.

Wọ́n lọ. Èrò tán níkẹyìn. Mo gbọ́ tí Ìyá Qonitah wọ́ àpótí rẹ̀ sún mọ́ ògiri, tó jókòó, tó gbé ẹ̀yìn tì í, láì pa ẹ̀rọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Mo wọ́ àga tèmi náà, mo gbé ẹ̀yìn ti ògiri lápá tèmi. Ó pè mí, ó ní Matilda, ṣé mo wà níbẹ̀. Mo ní mo wà níbẹ̀.